Òdo Lórí Ọmọ Mùsítúrà

Fíríìjì mi ló kọ́kọ́ mọ̀, kí èmi tó mọ̀.

Ní àdúgbò wa ní Ìbà, iná ìjọba a máa wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Ṣùgbọ́n Dúrósinmí, àkọ́bí mi, ti ra ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn ṣe iná fún mi, nítorí náà kò sí ohun tí àwọn ayálégbé mi kì í gbé wá: ẹja, ògì, omi mímu, àti kéèkì ọjọ́ ìbí kan tí a kò tíì mọ ẹni tó jẹ igun rẹ̀ títí dòní. Tinúkẹ́ nìkan ni kì í gbé nǹkan kan wá. Ọmọ Èkìtì ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú bárékè Ọ̀jọ́. Òun àti Paul ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní Navy Town, ló ń gbé yàrá méjì tó kọjú sí tèmi. Ọjọ́ tó wá gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan wá, tó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sí ibi tí kò ti ní di yìnyín," mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹja.

"Kí ni?"

"Oògùn ni, mà."

"Oògùn kí ni?"

Ó wo ilẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ni, mà. Ti ọmọ."

Mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ tòmátì, mo gbàdúrà lé e lórí, mo ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń wá mú ọ̀kan. Mi ò bi í léèrè mọ́. Obìnrin tó ti bímọ bí èmi ti bí (ẹ má bi mí iye, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ), tó bá ń fi ìbéèrè da ẹni tó ń wá ọmọ láàmú, omi ló yẹ kó kọ́kọ́ fi yọ ẹnu rẹ̀.

IVF ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará àdúgbò wa ń pè é ní ọmọ inú ìgò, bí ẹni pé inú ìgò lọmọ náà yóò máa gbé títí yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́. Bó ṣe yé mi ni pé wọ́n á gún obìnrin lábẹ́rẹ́ kí ẹyin rẹ̀ lè gbó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kó ẹyin náà jáde, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀ níta. Bó bá di ọlẹ̀, wọ́n á gbé e padà sínú ìyá. Ibi tí iṣẹ́ dọ́kítà parí sí nìyẹn, tí ti Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀.

Ti Tinúkẹ́ kò dúró. Ó wá kó àwọn ìgò oògùn tó kù nínú fíríìjì mi, ó nu ojú ibi tí wọ́n wà dáadáa, ó dúpẹ́. Kò sunkún. Ó kàn sọ pé, "Mọ́mì, mo fẹ́ mọ ìdí ẹ̀."

Dọ́kítà ilé ìwòsàn náà, tó wà lójú ọ̀nà Badagry, kò purọ́ fún un. Tinúkẹ́ ti lé ní ogójì ọdún. Bí yóò bá tún gbìyànjú pẹ̀lú ẹyin ara rẹ̀, kó má pẹ́, torí bí ọdún méjì bá kọjá, àwọn kò ní gbà á mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá kù nínú yàrá méjì tó kọjú sí tèmi: ṣé kí wọ́n tún un ṣe, àbí kí wọ́n gba kámú?

Èmi ní kó lọ sórí òkè lọ gbàdúrà. Ó lọ. Ó gbààwẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó wẹ̀, ó jẹun, ó sì gba yunifásítì tó wà ní Ìyànà-Ìbà lọ. Ó ti ń kàwé fún oyè kejì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nínú ìmọ̀ ìṣirò, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ó sọ fún Dọ́kítà Adébísí, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, pé òun fẹ́ pa iṣẹ́ tí òun mú tẹ́lẹ̀ tì, òun fẹ́ ṣírò ohun tó ń mú kí IVF dúró lára obìnrin kan kó má dúró lára èkejì. Wọ́n ní kó ro ó dáadáa, nítorí kò rọrùn kéèyàn máa ṣírò ohun tó ń dun òun fúnra rẹ̀. Ó ní òun ti rò ó. Ilé ìwòsàn náà gbà. Wọ́n yọ orúkọ gbogbo èèyàn kúrò nínú àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì kó o fún un.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá jókòó tì mí nítorí iná mi. Mo yọjú wò ó. Nọ́ńbà ni láti òkè délẹ̀, wọ́n tò bí ìjàlọ.

"Kí lò ń wá nínú gbogbo eléyìí, Tinúkẹ́?"

"Ìdí ẹ̀ náà ni, mà. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀pọ̀ obìnrin se ọbẹ̀. Ti àwọn kan dùn, ti àwọn kan ò dùn. Ṣé iyọ̀ ni? Àbí epo? Àbí iná ló pọ̀ jù?"

"Àìmọ ọbẹ̀ sè ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ẹni tí iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù, ó lè jẹ́ pé epo ẹ̀ náà ni ò dáa. Torí náà, ẹ máa wá àwọn tí epo wọn dọ́gba, tí iná wọn dọ́gba, kí ẹ wá wo iyọ̀ nìkan. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún epo. Kọ̀ǹpútà ló ń bá mi ṣe gbogbo ẹ̀ pa pọ̀. Ọjọ́ orí, iye ọdún tí wọ́n ti ń wá ọmọ, ìsanra, fáíbírọ́ìdì, ẹyin tí wọ́n rí kó, àti ti ọkọ. Ó máa sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó. Tó bá ti sọ ọ́, obìnrin tó bá wọlé lọ́la, màá lè sọ fún un pé irú tiẹ̀, báyìí ni ìrètí ẹ̀ ṣe tó."

"Ọlọ́run ńkọ́? Níbo lo kọ Ọ́ sí?"

Kò yára dáhùn. Èkìtì kì í yára bí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé. "Mà, ohun tí a ò bá lè wọ̀n, a máa ń fi àyè sílẹ̀ fún un. Ìyókù là ń pè é."

"Ìyókù? Ọba tó dá ọ̀run òun ayé lẹ̀ ń pè ní ìyókù ní yunifásítì?"

"Ó máa ń tóbi ju gbogbo àwọn tó kù lọ, mà."

"Ìyẹn sàn díẹ̀," ni mo wí, mo padà sídìí ẹ̀wà mi.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń dí i lọ́wọ́. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n gbé ọlẹ̀ sí nínú, àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí. Wọn ò padà wá. Nọ́ọ̀sì pè wọ́n títí, wọn ò gbé fóònù. Ọ̀kan ni Tinúkẹ́ ń kọ fún ẹni tó bímọ, òdo fún ẹni tí kò bí. Kí ni kó kọ fún àwọn wọ̀nyí? Dọ́kítà Adébísí sọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé sábà máa ń ṣe: ẹni tí kò padà wá jábọ̀, kà á mọ́ àwọn tí kò dúró lára wọn, torí ó sàn kéèyàn ṣèlérí díẹ̀ ju kó ṣèlérí púpọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí èmi náà. Tinúkẹ́ bá kọ òdo sí gbogbo wọn, ó sì tẹ kọ̀ǹpútà pé kó máa ṣírò.

Èsì jáde. Ọjọ́ orí ló wúwo jù, bí gbogbo ayé ti mọ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Tinúkẹ́ kà lẹ́ẹ̀mejì: obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó sì ti ń wá ọmọ tipẹ́tipẹ́, ìrètí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Òun gan-an nìyẹn. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò ara rẹ̀.

Paul jáde wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Èèyàn dáadáa ni Paul. Òun ló kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń sá fún bí ẹni ń sá fún agbowó orí.

"Tinú, ó tó," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gún ẹ kiri mọ́. Tó bá jẹ́ dọ́kítà ló sọ ọ́, ǹ bá ní kò mọ nǹkan kan. Ìwọ lo ṣírò ẹ̀. Mi ò lè bá ìṣirò ẹ jà."

"Èmi náà ò lè bá a jà."

"Ọmọ tí a bá gbà tọ́ náà, ọmọ ni."

"Ọmọ ni." Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Mo ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà mi, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó kù kó lọ di ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ní páálí, kó gba oyè rẹ̀.

Ọjọ́ tó ń lọ di ìwé náà ní Ìyànà-Ìbà, mo bá a lọ, torí mo fẹ́ kí wọ́n bá wa tẹ ètò ìsìn ọjọ́ àwọn obìnrin ìjọ wa. Ṣọ́ọ̀bù kan ló ń lò, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì, níbi tí ẹ̀rọ mẹ́ta ti ń ké pọ̀ bí ìkókó. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tò ó, ó ń gé páálí tí yóò fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Obìnrin kan wọlé, ó pọn ọmọ, ó fi ìborùn bo ọmọ náà lórí délẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìbí. Bó ṣe sọ̀rọ̀, Tinúkẹ́ yíjú.

"Alhaja Mùsítúrà?"

Obìnrin náà kọ́kọ́ fa ìborùn sí i. Lẹ́yìn náà ló wò ó. "Há! Tíṣà! Tíṣà ti..." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà ti ibi yẹn."

Mo mọ Mùsítúrà sójú. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ń ta bàtà ọmọdé lábẹ́ agboòrùn ní òdìkejì ọ̀nà. Òun ni ìyàwó àgbà Mọ́rúfù tó wà ní gáréèjì. Ìyàwó kejì ti bí, ọmọ rẹ̀ ti wọ girama, Mùsítúrà ṣì ń ta bàtà ọmọ fún ọlọ́mọ.

"Alhaja, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?" ni Tinúkẹ́ bi í.

"Àbí mo lọ jí i gbé ni?"

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé e sí wa nínú. A jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú síra."

"Ọjọ́ kan náà. Ìwọ lo fún mi ní súwẹ́ẹ̀tì. Mo sọ fún ẹ nígbà yẹn pé mo dàgbà jù ẹ́ lọ, o ní irọ́ ni mò ń pa." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá rántí, ẹ̀rín náà sì kú lójú rẹ̀. "Tìẹ ńkọ́?"

"Kò dúró, mà."

"Olúwa á ṣe é. Ìnṣá Allah, Olúwa á ṣe é."

"Ẹ ò padà wá síbẹ̀, Alhaja."

"Padà síbo?"

"Kí ẹ wá sọ fún wọn pé ó dúró. Wọ́n ń pè yín."

"Wọ́n pè mí! Nọ́ọ̀sì yẹn, Maimunat, kì í sinmi. Orúkọ tí mo fi sí nọ́ńbà ẹ̀ lórí fóònù mi ni Má Gbé E." Ó tún rẹ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà, ìwọ náà gbọ́. Kí n di oyún mú lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn, kí n wá máa sọ ọ́ lórí fóònù? Ta ló jókòó ti nọ́ọ̀sì? Ta ló ń fetí kọ́ ọ? Ìyá tó bí mi gan-an, ìgbà tí mo gbọ́ igbe ọmọ ni mo tó ní kí wọ́n pè wọ́n wá. Bùbá ńlá ni mo ń wọ̀. Wọ́n ní mò ń sanra, mo ní iṣu ni."

"Nígbà tí ẹ wá bí i tán ńkọ́?"

"Nígbà tí mo bí i tán, kò sẹ́ni tó pè mí mọ́."

Mi ò rí ohun àjèjì kankan nínú ọ̀rọ̀ Mùsítúrà. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Oyún kì í ṣe ìkéde ìjọ. Ikùn ló ń sọ ọ́, ẹnu kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo wo Tinúkẹ́, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ọmọ náà ti yọ orí jáde lábẹ́ ìborùn, Muheez lorúkọ rẹ̀, ó na ọwọ́ mú gíláàsì ojú Tinúkẹ́, ó ń fà á.

"Mọ́mì," ló wí fún mi, kò gba gíláàsì náà padà. "Mo kọ òdo sórí ọmọ yìí."

"Kí lo kọ?" ni Mùsítúrà bèèrè.

"Òdo, Alhaja. Ẹ ò padà wá, mo bá kà á pé kò dúró. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ dì yẹn."

"Èyí tó ń fa gíláàsì ẹ yìí ni òdo?" Mùsítúrà pòṣé. "Tíṣà, pa á rẹ́ o!"

Tinúkẹ́ yíjú sí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì í."

"Àǹtí, mo ti gé páálí ẹ̀."

"Ẹ bá mi tọ́jú páálí náà. Màá padà wá gbà á."

A kò tíì kúrò ní Ìyànà-Ìbà tó ti ń to ọ̀rọ̀ náà fún mi, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ta ló ń bo oyún jù? Ẹni tó ti pẹ́ jù ni. Ẹni tó ti dàgbà jù, tí wọ́n ti pẹ̀gàn rẹ̀ jù, tí ó ní orogún. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó yóò gbé fóònù. "Àwọn tó dà bí èmi ni wọ́n ń sá pamọ́, Mọ́mì. Àwọn ni mo sì da òdo bò. Mo wá ń sọ pé kò sí ìrètí fún wọn."

Dọ́kítà Adébísí gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí, Tinúkẹ́."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n wá àwọn yòókù."

"Tí o bá tú iṣẹ́ yìí ká, o ò ní bá wọn gba oyè lọ́dún yìí."

"Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀, sà."

Ọdún tó ń bọ̀, gbogbo wa la mọ ohun mìíràn tó so mọ́ ọn: ọdún méjì tí dọ́kítà ilé ìwòsàn dá fún un ń tán lọ. Wọ́n ní, "Ó dáa. Lọ fi hàn mí pé mo ṣì í."

Bí yóò ṣe bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀ wá di ìṣòro. Òun kò ní orúkọ wọn, kò sì fẹ́ ẹ. Ilé ìwòsàn nìkan ló lè kàn sí wọn. Bí Maimunat bá pè, wọn ò ní gbé e. Maimunat ní òun yóò gba nọ́ńbà tuntun, bí wọ́n bá ti gbé e, òun yóò kí wọn ní "Ẹ kú ewu ọmọ". Ẹni tó bá bí yóò dúpẹ́, ẹni tí kò bá bí yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀.

"Rárá o," ni Tinúkẹ́ wí. "Bí wọ́n bá pe èmi, tí wọ́n kí mi bẹ́ẹ̀, mi ò ní jẹun lọ́jọ́ yẹn."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó kà á fún mi, mo ní ó gùn jù, ó tún un kọ. Èyí tí dọ́kítà ilé ìwòsàn fọwọ́ sí, tí Maimunat sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, nìyí:

"Ẹ ǹlẹ́ o. A kò fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ ilé yín. Obìnrin kan ń bọ̀ lẹ́yìn yín lójú ọ̀nà tí ẹ gbà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun máa bọ̀. Bí ọmọ bá dé ọwọ́ yín, ẹ tẹ 1. Bí kò bá dé, ẹ tẹ 0. Ẹ má sọ nǹkan mìíràn."

Bí ó ṣe rò ó ni pé ẹnu wọn kò ní sọ ohunkóhun. Ìka lásán ni. Ayé kì í gbọ́ ohùn ìka.

Ọjọ́ kìíní, kò sẹ́ni tó fèsì. Ọjọ́ kejì, òdo kan wọlé. Tinúkẹ́ ní, "Ẹ ṣé," bí ẹni pé obìnrin náà wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀kan. Òdo. Ọ̀kan. Ọkọ ẹnì kan bèèrè pé ta nìyí. Ẹnì kan tẹ 11, gbogbo wọn nílé ìwòsàn ló ń wo fóònù títí tó fi yé wọn pé ìbejì ni. Ẹnì kan kọ odindi Sáàmù ránṣẹ́, kò sì tẹ nǹkan kan. Maimunat ní kí wọ́n ka ìyẹn sí ọ̀kan, ọpẹ́ ló ń dá. Tinúkẹ́ ní rárá, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ náà ń ka Sáàmù. Wọ́n fi í sílẹ̀ sí àìmọ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Àwọn kan wà tí ilé ìwòsàn ti ń kà mọ́ àwọn tó dúró lára wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn fi oyún hàn nígbà àyẹ̀wò. Àwọn náà tẹ òdo wá. Ọjọ́ tí ti ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn wọlé, Tinúkẹ́ wá jókòó sí kíṣìnnì mi, mo sì fún un ní ẹ̀fọ́ pé kó já. Ó já a tán. Ó dìde, ó lọ yí ọ̀kan náà padà sí òdo. Èyí tí kò bá a lára mu, ó kọ ọ́. Èyí tó bá a lára mu, ó kọ ọ́.

Ó tún tẹ kọ̀ǹpútà. Àwọn tí kò fèsì, kò sọ wọ́n di òdo, kò sọ wọ́n di ọ̀kan. Ó ní kí kọ̀ǹpútà wo ọ̀nà méjèèjì. Ọjọ́ orí ṣì ni ó wúwo jù. Òun náà kò fẹ́ kó jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n kò wúwo tó bó ti wúwo tẹ́lẹ̀. Ní ìdí àwọn obìnrin tó dàgbà, tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà, ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, nǹkan wà níbẹ̀.

Ó pe Paul sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ wọlé, ó ní kí n jókòó.

"Ṣé ó wá pọ̀ ni?" ni Paul bi í.

"Kò pọ̀. Bí obìnrin mẹ́wàá bíi tèmi bá lọ, ọ̀kan lè gbé ọmọ bọ̀. Bóyá ó fi díẹ̀ lé ní ọ̀kan."

"Àwọn mẹ́sàn-án ńkọ́?"

"Wọ́n á sunkún. Mo mọ bó ṣe ń rí, mo ti sun ún. Mo lè tún un sun." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Paul, ó kéré. Kì í ṣe òdo. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n jókòó sílé nítorí òdo tí èmi fúnra mi kọ."

Paul fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ó dìde, ó wọlé. Ó gbé kúlà tí wọ́n fi gbé abẹ́rẹ́ wálé nígbà àkọ́kọ́ jáde, ó ń fọ eruku rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. "Ìgbà wo là ń lọ?" ló wí.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, òun ló gbé láílọ́ọ̀nù dúdú wá fún mi. "Mọ́mì, ẹja ni o."

"Ẹja yìí á lúwẹ̀ẹ́ délé láṣẹ Olúwa," ni mo wí, mo sún tòmátì mi sẹ́yìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mi ò rí i. Mi ò rí i pé Tinúkẹ́ ń wọ kaftani Paul lọ síbi iṣẹ́. Mi ò rí i pé ó kórìíra òórùn epo, pé Paul ló ń gbé omi, pé ó ń fi báàgì kọ̀ǹpútà bo iwájú rẹ̀ nígbà tó lọ gba páálí rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, tí wọ́n sì di ìwé náà fún un. Ojú mi ríran dáadáa o, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí kò yẹ kó rí. Mo kàn ń pe orúkọ rẹ̀ nínú àdúrà ju bó ti yẹ lọ, àwọn obìnrin ìjọ sì ń wò mí.

Ọmọ náà kò dúró dé oṣù rẹ̀. Wọ́n sáré gbé e bí, ó kéré débi pé inú àpótí tó ń mú ọmọ móoru ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. (Ẹ fọkàn balẹ̀. Òun ló ya ojú ewé tí mo kọ́kọ́ kọ ìtàn yìí sí.) Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Tinúkẹ́ máa bọ̀ wálé, wọn ò fún un lọ́mọ. Ó ń fún wàrà ọmú rẹ̀ sínú ìgò kéékèèké, ẹ̀gbẹ́ tòmátì mi ni a ń tò ó sí, níbi tí abẹ́rẹ́ máa ń wà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, Paul á kó o sínú kúlà, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ.

Ìyá Paul ti dé láti Oǹdó nígbà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo wa wà ní kíṣìnnì mi, Paul ń to ìgò, fóònù Tinúkẹ́ dún. Ó kà á.

"Kí ni?" ni Paul bèèrè.

Ó yí fóònù náà sí wa. "Ẹ ǹlẹ́ o. A kò fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ ilé yín." Ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni. Wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo obìnrin tí àsìkò rẹ̀ bá ti tó.

"Má dá wọn lóhùn," ni Ìyá Paul wí. "Ìyàwó mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ò tíì kúrò nínú àpótí, a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Kí ló dé tí o fẹ́ máa kéde ẹ̀? Jẹ́ kó wálé ná."

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá lára mu nínú wa, èmi gan-an mi orí sí i. Paul wo ìyàwó rẹ̀. Tinúkẹ́ mú fóònù náà dání, ó sì gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò wàrà. Ó tún gbé e.

"Mà," ló sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan bó ti ń sọ ọ́. "Obìnrin kan jókòó síbì kan ní Òkokomáíkò báyìí, tàbí ní Ọ̀jọ́, ó ti ju ogójì ọdún lọ. Wọ́n á sọ fún un bí ìrètí ẹ̀ ṣe tó. Bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíì lè tún kọ òdo lé mi lórí."

"Ọmọ náà kéré, Tinúkẹ́," ni Ìyá Paul wí.

"Ó kéré, mà. Ó ti dé."

Ó tẹ 1. Ó fi í ránṣẹ́. Ó wá di ìdérí ìgò tó gbẹ̀yìn pa, ó gbé e lé Paul lọ́wọ́, Paul sì gbé kúlà náà, ó ń lọ.